Páńkéèkì tí kò ní gbọ́n àpò yín gbẹ

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Àwọn ọmọ mi ò gbà kí n gbé nǹkan míì síwájú wọn láàárọ̀ Sátidé àfi páńkéèkì. Èyí tí wọ́n ti pò sínú páálí ni mo máa ń rà, páálí kan kì í sì í yó wọn. Mo ní kí n fi fúláwà ṣe é fúnra mi lánàá, ó le bí awọ bàtà. Kí ni mo ṣe tí kò yẹ kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ yí páálí yẹn padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: fúláwà, ṣúgà, iyọ̀, àti ohun tó ń mú un wú. Òmíràn á tún ní kí ẹ lọ wá ẹyin àti mílíìkì kún un. Kí wá ni ẹ sanwó fún?

Tèmi rèé. Fúláwà 200 gíráàmù, baking powder ṣíbí tíì 2, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 1, iyọ̀ tí ìka méjì lè mú. Ẹ pò wọ́n ní gbígbẹ. Nínú abọ́ míì, ẹ lu ẹyin 1 mọ́ mílíìkì 250 mílílítà àti òróró ṣíbí ìjẹun 2, kí ẹ wá dà á sórí gbígbẹ, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì rò ó díẹ̀.

Díẹ̀ ni mo wí o! Ibẹ̀ gan-an ni bàtà yín ti wá. Tí fúláwà bá ti kan omi, bí ẹ bá ṣe ń rò ó tó ni yóò máa yi tó. Tí ẹ ò bá ti rí fúláwà gbígbẹ mọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Kókó kéékèèké tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 10.

Iná ló kù. Kó má pọ̀. Ẹ fi òróró nu ojú páànù, ẹ má da òróró sí i, kí ẹ wá bu èyí tí ẹ pò sí i. Tí ihò bá ti ń yọ lójú rẹ̀ tí kò dí padà mọ́, tí etí rẹ̀ sì ti gbẹ, ẹ yí i, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ má fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rárá, atẹ́gùn tó mú un wú lẹ ń lé jáde yẹn. Àkọ́kọ́ kì í sábà dára. Èmi máa ń jẹ tèmi lórí ìdúró kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Bàbá Adáná: Ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ má bàa ṣi í. Ìyá ilé lọ síṣẹ́ alẹ́, baking powder tán, mo bá bu baking soda ṣíbí 2 sí i. Àwọn ọmọ ní ọṣẹ ni mo dín fún wọn! Sódà lágbára tó ìlọ́po mẹ́ta pọ́dà, ó sì ń fẹ́ ohun kíkan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà nílé, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 1 sínú mílíìkì yẹn, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Sódà ìdajì ṣíbí tíì ti tó.

Pọ́dà tó ti pẹ́ ńkọ́? Ẹ bu díẹ̀ sínú omi gbígbóná. Tí kò bá hó, ẹ dà á nù.

Àbúrò: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹyin máa ń wọ́n mi nígbà míì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ìdajì tó ti pọ́n ni mo máa ń tẹ̀ dípò ẹyin 1. Ó máa ń rọ̀ díẹ̀ ju ti ẹyin lọ, ẹ jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Mílíìkì náà, mo lè fi omi ṣe ìdajì rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin: Mo ti dé o! Ìlọ́po méjì ni mo ṣe láàárọ̀ yìí. Ó wú, ó rọ̀, kò ṣẹ́ kù. Méjì àkọ́kọ́ jó nítorí mo kánjú tan iná ńlá. Ọmọ mi àgbà wá ní òun fẹ́ gbé e lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé. Ṣé mo lè pò ó sílẹ̀ lálẹ́?

Ìyá Ìbejì: Rárá, agbára pọ́dà á ti dín kù kílẹ̀ tó mọ́. Èyí tó gbẹ ni kí ẹ pò sílẹ̀. Fúláwà kílò 1, pọ́dà ṣíbí tíì 10, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 5, iyọ̀ ṣíbí tíì 1, sínú ìkòkò tó ní ìdérí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lẹ máa bu ú. Tàbí kí ẹ dín púpọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi bébà tí wọ́n fi ń yan nǹkan sáàárín wọn nínú fíríìsà. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yan búrẹ́dì á mú un gbóná fún yín láàárọ̀ kí bàtà tó wọ ẹsẹ̀ wọn.