Bourse (owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́) àti físà ilé ìwé òkèèrè: ibi tí ìwé ti máa ń há

Ará Kétu:
Orí orúkọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Acte de naissance (ìwé ìbí) kọ "Olouwasegoun", ìwé bac (ìdánwò ìparí ilé ìwé girama) kọ "Oluwasegun". Lójú wa nílé, Olúwaṣẹ́gun kan náà ni. Lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wò, èèyàn méjì ni. Ilé ẹjọ́ ló ń tún acte ṣe, ó sì ń gba àkókò, nítorí náà ẹ ṣe é kí wọ́n tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún bac. Ti "né vers 2006" (a bí i ní nǹkan bí 2006) tún le jù, torí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ń bèèrè ọjọ́ àti oṣù. Ẹni tó bá fi 1 oṣù kìíní síbì kan, tó fi 31 oṣù kejìlá síbòmíràn, ti ba ìwé ara rẹ̀ jẹ́. Ohun tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ máa kọ níbi gbogbo.

Ará Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ní ti ilẹ̀ Faransé, ẹni tó bá ń dúró de èsì bac ti pẹ́. Fún ọdún kìíní licence (oyè àkọ́kọ́) ní yunifásítì, oṣù kẹwàá ni Études en France, ojú òpó tí wọ́n ti ń bèèrè àyè, máa ń ṣí, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní terminale (kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní girama). Oṣù kejìlá ni wọ́n ń tì í.

Ẹ̀rí pé ọmọ ní owó tí yóò fi jẹun, tí wọ́n ń bèèrè fún físà, jẹ́ 615 euro lóṣù. Ní 655.957 F (franc CFA) fún euro kan, ó lé ní 403,000 F lóṣù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,841,000 F lọ́dún. Owó ńlá tó já wọ báǹkì lójijì lọ́sẹ̀ tí ẹ ń gbé ìwé lọ máa ń mú ìfura wá. Owó onídùúró tó ń wọlé lóṣooṣù ni wọ́n ń fẹ́ rí.

Owó ilé ìwé ńkọ́? Láti 2019, ọmọ tí kì í ṣe ará Yúróòpù ń san ju ọmọ onílẹ̀ lọ: 2,770 euro fún licence, 3,770 fún master (oyè kejì) ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ti gòkè díẹ̀. Ọmọ tálákà ni òfin yìí ń fìyà jẹ, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n yunifásítì lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn kan, ẹ wá "exonération" (ìyọ̀ǹda owó) lójú ewé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó yan ilé ìwé. Bí ọmọ bá sì dé ọ̀hún, kó fìdí físà rẹ̀ múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́ta.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́:
Bourse ìjọba Ṣáínà tó pé ń san owó ilé ìwé àti ibùsùn, pẹ̀lú 2,500 yuan lóṣù fún licence, 3,000 fún master, 3,500 fún doctorat (oyè ọ̀mọ̀wé). Ẹ bèèrè nípa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kẹ́ ẹ tó yọ̀. Fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ara ló ń dá ọ̀pọ̀ padà: òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gun orí fọ́tò, kí ìdajì rẹ̀ wà lára fọ́tò, ìdajì lára ìwé, kí dókítà sì fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́fà péré ni àyẹ̀wò náà ń lò, ẹ má ṣe é jù ní kùtùkùtù. Ẹ gbé ojúlówó rẹ̀ dání wọkọ̀, torí ẹni tó bá fi físà X1 (ti akẹ́kọ̀ọ́ tó máa pẹ́ níbẹ̀) wọlé ní 30 ọjọ́ péré láti gba ìwé ìgbélùú, wọn yóò sì bèèrè fún un.