Ọmọ kíláàsì mi ní "tójú ò bá rí ike yẹn mọ́, ṣé kò tíì tán nìyẹn ni?" Ẹ gbà mí o

TíṣàOníṣọ́ọ̀kì:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 12, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ́ wọn nípa ike tó ń ba òkun jẹ́. Lójú ara mi mo ti múra dáadáa. Mo fi fọ́tò ìjàpá òkun tí ọ̀rá wé mọ́ lọ́rùn hàn wọ́n, mo sọ fún wọn pé microplastic ni wọ́n ń pe ike tí ò tó mìlímítà 5, mo ní kí wọ́n wo 5 yẹn lórí rúlà wọn, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere. Àfi ìgbà tí mo sọ pé oòrùn àti ìgbì òkun máa ń fọ́ ike sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn á tún fọ́, títí tójú ò fi ní rí i mọ́. Ọmọ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ló nawọ́ sókè, ó ní "Tíṣà, tójú ò bá rí i mọ́, ṣé kò tíì tán nìyẹn ni? Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni ṣúgà ṣe máa ń tán nínú omi."

Mo kàn dúró síbẹ̀ ni o. Mo ní rárá, kò tán. Ó ní kí ló dé? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ molecule lọ́tùn-ún sọ polymer lósì, mo sì rí i lójú wọn pé kò sẹ́ni tó bá mi débẹ̀. Agogo ló gbà mí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mo tún ní wákàtí kan pẹ̀lú wọn, mi ò ní láàbù gidi, abọ́, omi, iyọ̀ àti sísọ́ọ̀sì ni mo ní. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín tí ọmọdé fi máa fojú ara ẹ̀ rí i, kó má jẹ́ pé èmi ni mò ń fẹnu sọ ọ́ ṣáá?

ÌyáSáyẹ́ǹsì:

Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ọmọ yẹn gbọ́n, ẹ bá mi kí i. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ "fọ́" tẹ́ ẹ lò ló da nǹkan rú. Ẹ fi polymer sílẹ̀ ná, Yorùbá ti bá yín pín in sí mẹ́ta: ṣúgà máa ń yòrò, ewé máa ń jẹrà, ike máa ń rún. Ohun tó yòrò kàn tú ká sínú omi ni, ṣúgà tí ọmọ yẹn ní ó tán yẹn gan-an ò tán, ẹ ní kó tọ́ omi náà wò. Ẹ sì jẹ́ kí omi iyọ̀ gbẹ nínú àwo, wọ́n á rí iyọ̀ wọn padà. Ohun tó jẹrà ní tiẹ̀, àwọn kòkòrò tójú ò rí ti jẹ ẹ́, ó ti di omi, ó ti di afẹ́fẹ́, ó ti di ara kòkòrò náà, kò sí ewé mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó rún, nǹkan kan náà ni ṣì ni, ó kàn ti di púpọ̀ ni.

Ohun tí mo máa ń lò ni pẹ́ẹ̀gì aṣọ oníke tó ti gbó nínú oòrùn, èyí tó ti ṣì láwọ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Ìtànṣán oòrùn máa ń já àwọn okùn gígùn gígùn tó so ike pọ̀ nínú, ìdí nìyẹn tí àga ike tó ti pẹ́ níta fi máa ń ṣẹ́ lábẹ́ èèyàn láìrò tẹ́lẹ̀. Mo máa ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ègé pẹ́ẹ̀gì kan àti bébà dúdú kan, mo ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò ra á lórí bébà yẹn. Lulú funfun á máa bọ́ sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kà á. Ọmọ kan nínú tèmi ka dé 212, ó gbé orí sókè, ó ní òun ò ṣe mọ́, ó ṣì ku ìdajì bébà. Láti ara ègé kan tí ò tó ìka ọwọ́ o.

Tí wọ́n bá ti rí ìyẹn lẹ wá lè sọ fún wọn pé ọ̀rá kan, ó lè jẹ́ ìjàpá kan ló máa gbé e mì, ṣùgbọ́n tó bá ti di lulú, ẹja kékeré á rí tiẹ̀ jẹ, ìṣáwùrú á rí tiẹ̀ jẹ, títí dé àwọn ẹran omi tíntìntín tó jẹ́ pé awò la fi ń wò wọ́n. Ẹ sì má sọ fún wọn pé gbogbo ike ló máa ń yára rún. Ìsàlẹ̀ òkun ò ní oòrùn, ó tutù, wọ́n ti rí ọ̀rá ní Mariana Trench, ibi tó jìn ju kìlómítà 10 lọ, ọ̀rá náà ṣì jọ ọ̀rá.

Bọ̀dáKẹ́mísìrì:

Mo gba ti ÌyáSáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, mo ti jí i gbé. Èmi kàn fẹ́ fi ti abọ́ àti iyọ̀ kún un torí tíṣà ní òun ní iyọ̀.

Ẹ mú ìgò omi oníke kan tó ṣófo, ẹ dé e pa, ẹ jù ú sínú abọ́ omi. Ó léfòó. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, gbogbo wọn á ní torí ike fúyẹ́. Ẹ wá gé ara ìgò yẹn sí wẹ́wẹ́ bí èékánná, ẹ gé ìdérí ẹ̀ náà (ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ gé ìdérí o, ó le, mo ti gé ara mi lọ́wọ́ rí), ẹ da méjèèjì sómi. Ìdérí á léfòó, ara ìgò á rì. Ẹ máa gbọ́ ariwo! Ike méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, PET ni ìgò, polyethylene tàbí polypropylene ni ìdérí, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìgò ló ń gbé e dúró látẹ̀yìnwá, kì í ṣe pé ike ẹ̀ fúyẹ́ ju omi lọ. Ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sómi náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ torí afẹ́fẹ́ kéékèèké máa ń lẹ̀ mọ́ wẹ́wẹ́ ike, á wá gbé èyí tó yẹ kó rì dúró, àwọn ọmọ á ní irọ́ lẹ pa.

Tẹ́ ẹ bá tún ráyè, ẹ wá fọ́ọ̀kì ike tó máa ń ṣẹ́ kà, èyí tí wọ́n kọ 6 sí nínú onígun mẹ́ta. Nínú omi lásán ó rì. Ẹ wá máa da iyọ̀ sí i, ṣíbí kan, ẹ rò ó, ṣíbí kan, ẹ rò ó, ẹ má sọ nǹkan kan. Tó bá yá á gbéra nílẹ̀ abọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Iyọ̀ yẹn á pọ̀ ju ti òkun lọ o, nǹkan bíi gíráàmù 35 ló wà nínú lítà omi òkun kan, tiyín á ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má lọ rò pé fọ́ọ̀kì yẹn máa ń léfòó lókun.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè tó le. Ìṣirò tó jáde ní 2015 sọ pé ike tó tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 4.8 sí 12.7 ló ti orí ilẹ̀ wọ òkun lọ́dún 2010 nìkan. Ìṣirò míì tó jáde ní 2014 sọ pé gbogbo èyí tó ń léfòó lójú òkun káàkiri ayé, bíi 269,000 tọ́ọ̀nù péré ni. Ìyókù dà? Ẹ má dáhùn o, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ abọ́. Òmíràn á ní ìgbì ti gbé e padà sétí òkun, òótọ́ lòun náà sọ. Kódà ti ìdérí tó ń léfòó yẹn, ewé omi àti ìgbín kéékèèké á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á wúwo, á tẹ̀ lé ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

ALÁSẸ́:

Tẹ́ ẹ bá lè rí yanrìn etí òkun, ẹ sẹ́ ẹ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún aṣọ yín!! Mo sọ ọ́ torí ojú mi rí nǹkan. Mo kó yanrìn wá sí kíláàsì, a da omi iyọ̀ tó ki dáadáa lé e lórí, a rò ó, a jẹ́ kó sinmi, a sẹ́ omi òkè ẹ̀ gba inú fílítà kọfí, a gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Fọ́nrán pupa níhìn-ín, fọ́nrán pupa lọ́hùn-ún, a ka 31. Inú wa dùn débi pé ẹni kan ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọ̀n apẹja ni, ẹlòmíì ní okùn ọkọ̀ ni, wọ́n fẹ́ẹ́ jà sí i. Ọmọbìnrin kan wá ń wò mí láti òkè délẹ̀, ó rọra ní "Tíṣà, suwẹ́tà yín ńkọ́?" Mo fa fọ́nrán kan já lápá suwẹ́tà mi, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tọ̀hún. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Mo bọ́ suwẹ́tà yẹn lójú ẹsẹ̀.

Látìgbà yẹn mo máa ń gbé abọ́ omi iyọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ò ní yanrìn rárá, gbogbo ohun tá a bá ṣe sí ti yanrìn la máa ṣe sí i, iye fọ́nrán tá a bá rí nínú ẹ̀ la máa yọ kúrò nínú tọ̀hún. Aṣọ òwú funfun ni mo sì máa ń wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ti suwẹ́tà náà ò ṣòfò ṣá, torí àwọn ọmọ fúnra wọn ló béèrè pé tó bá ń já báyìí lórí àga, báwo ló ṣe máa ń já tá a bá ń fọ̀ ọ́? Ibẹ̀ la ti débi omi ìfọṣọ, ká tó débi táyà mọ́tò tó ń jẹ sórí títì, tí òjò á wá gbá lulú ẹ̀ lọ. Mi ò tíì rí ọmọ tó kọ́kọ́ ronú kan táyà.

ÒbíKan:

Ẹ má bínú o ẹ̀yin tíṣà, òbí ni èmi, mi ò kí ń ṣe olùkọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra pẹ̀lú àwọn fọ́tò yẹn. Ọmọ mi délé lọ́jọ́ kan, kò mu omi, ó ní ike wà nínú ẹ̀ òun máa kú, odidi ọjọ́ méjì la fi ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti sọ fún un ní kíláàsì pé ike tó tó káàdì báńkì kan lèèyàn ń gbé mì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

ÌyáSáyẹ́ǹsì:

@ÒbíKan ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi fà á mọ́ra. Ti káàdì yẹn ti sú mi! Àwọn onímọ̀ míì ti tún un ṣírò, wọ́n ní ó pọ̀ jù, kì í ṣe díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ike á pọ̀ ju ẹja lọ lókun tó bá di 2050" táwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì, ìṣirò ẹja inú ẹ̀ àti ìṣirò ike inú ẹ̀, méjèèjì làwọn onímọ̀ ń bá jà. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ ni èyí tó ṣẹlẹ̀: lọ́dún 2022 àwọn olùwádìí ní Netherlands yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 22 wò, wọ́n rí ike nínú ti 17. Mo sì máa ń fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n rí nǹkan lára èèyàn yàtọ̀ sí kí nǹkan yẹn pa á, ìyẹn gan-an ni wọ́n ń wádìí báyìí, ẹ máa mu omi yín.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ tún bá mi yọ "erékùṣù ike" kúrò nínú ẹ̀kọ́ yín. Ibi tí ìṣàn omi kó ike jọ sí láàárín Hawaii àti California yẹn fẹ̀ lóòótọ́, ìwádìí 2018 sọ pé ó tó mílíọ̀nù 1.6 kìlómítà níbùú lóròó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dúró lé e, ọkọ̀ lè gba àárín ẹ̀ kọjá kí àwọn inú ẹ̀ má rí nǹkan kan. Mo ti rí ọmọ tó ya ilé sórí ẹ̀ pẹ̀lú àsíá. Ìwádìí yẹn kan náà ló sọ ohun tí mo fẹ́ràn jù fún ìṣirò kíláàsì: tẹ́ ẹ bá ka ike ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, 94 nínú 100 ló jẹ́ microplastic, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, gbogbo microplastic yẹn ò ju 8 nínú 100 lọ. Àwọ̀n ìpẹja nìkan kó bíi 46. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó kúrò tí wọ́n bá ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ wá jókòó kẹ́ ẹ máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bára wọn jiyàn.

TíṣàOníṣọ́ọ̀kì:

Ẹ ṣeun ẹ̀yin ará mi, mo ti padà dé. Lónìí la ṣe é. Ọmọ tó béèrè yẹn ni mo fún ní pẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, ó ra á, ra á, ó dojú dé bébà yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní "ó tiẹ̀ ń pọ̀ sí i ni." Mi ò fi nǹkan kan lé e. Ti ìgò àti ìdérí, ariwo yẹn dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Fọ́ọ̀kì ló fẹ́ dójú tì mí, a da gbogbo iyọ̀ tí mo ní tán kò gbéra, mo ní láti rán ẹnì kan lọ tọrọ sí i ní ilé ìdáná iléèwé, ìgbà tó wá gbéra báyìí, kò sẹ́ni tó wà lórí àga mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Tá a parí, mo gbé abọ́ náà, mò ń lọ síbi sínkì, mi ò ro nǹkan kan o, àṣà ọwọ́ ni. Bí ọmọ mẹ́rin ṣe pariwo lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, "Tíṣà! Ibo lẹ fẹ́ dà á sí?!" Ní báyìí abọ́ yẹn wà lórí tábìlì mi, ìwé àkọsílẹ̀ ni mo fi dé e, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Kí ni kí n ṣe sí i, ẹ jọ̀ọ́?

ALÁSẸ́:

Hahaha, wọ́n mú yín! Ẹ sẹ́ ẹ gba fílítà kọfí lójú wọn, tí ò bá sí, aṣọ òwú tó nípọn á ṣe é, ẹ jẹ́ kí wẹ́wẹ́ yẹn gbẹ, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kẹ́ ẹ dé e pa, ẹ máa tún un lò lọ́dún tó ń bọ̀. Fílítà náà, inú ìdọ̀tí. Omi iyọ̀ tẹ́ ẹ ti sẹ́, òun lẹ lè dà sí sínkì, kẹ́ ẹ má dà á sídìí igi kankan o, á pa á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó béèrè ìbéèrè yẹn di fílítà mú. Suwẹ́tà ẹ̀yin àti tiẹ̀, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.