Ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi mọ ìkòkò létí òkun ní St Ives

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ìrírí àwọn tó ṣáájú mi nípa iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n lo ìsinmi wọn láti kọ́, mo sì rò pé ó yẹ kí n sọ tèmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni mí. Òkèlélé ni wọ́n bí bàbá mi sí, ìyá tó bí wọn sì ń mọ ìkòkò ní Dáda, ibi ìmọ̀kòkò tó wà níbẹ̀, títí ọjọ́ ogbó fi dé. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé báyìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Paddington, mo bọ́ sílẹ̀ ní St Erth, mo sì wọ ọkọ̀ kékeré tó ń gba etí òkun lọ sí St Ives ní Cornwall, kí n lè lọ sanwó kọ́ ìkòkò mímọ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi ìkọ́ṣẹ́ náà kò jìnnà sí èbúté. Láàárọ̀, òkun a fà sẹ́yìn débi pé àwọn ọkọ̀ apẹja á fi ikùn lélẹ̀ lórí iyanrìn. Tó bá di ọ̀sán, omi á ti padà dé. Ẹyẹ òkun ibẹ̀ kò lójútì rárá, ọ̀kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Olùkọ́ wa ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. “Sà” ni mo ń pè é títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò. A ó kọ́kọ́ po amọ̀ dáadáa kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, lẹ́yìn náà a ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́ tó ń yí, a ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi jókòó sí àárín gbùngbùn. Bí kò bá ti sí ní àárín, ńṣe ni yóò máa mì sọ́tùn-ún sósì, bí ó sì ṣe ń ga sí i ni yóò máa wá ọ̀nà àtiwó. Ìkòkò mọ́kànlá ni mo bà jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, inú bí mi. Mo kó amọ̀ tó ṣẹ́ kù lọ sí kọ̀rọ̀ kan, mo da abọ́ kan dé, mo lu amọ̀ pẹlẹbẹ lé ìdí rẹ̀, nígbà tó sì le díẹ̀, mo yọ ọ́, mo fi ọwọ́ yí amọ̀ mìíràn gbọọrọ, mo sì ń tò ó lé etí rẹ̀ bí mo ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká. Èmi fúnra mi kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣì rántí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo wà nígbà tí ìyá àgbà fẹ́ fi kọ́ mi, tí mo sì sá nítorí ẹrẹ̀ tó ń wọ èékánná mi. Olùkọ́ wa dúró, ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá mo mọ Ladi Kwali.

Ó ṣàlàyé pé ní 1920 ni Bernard Leach àti Hamada Shoji, ará Japan, dá ilé ìkòkò Leach sílẹ̀ ní ìlú náà, pé ibẹ̀ ni Michael Cardew ti wá kọ́ṣẹ́ ní 1923, àti pé Cardew yìí kan náà ni ìjọba amúnisìn gbà sí Nàìjíríà, tó sì dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ní Abuja àtijọ́, tí a ń pè ní Suleja lónìí. Ibẹ̀ ni Ladi Kwali, obìnrin amọ̀kòkò tó jẹ́ ọmọ Gbagyi, wá darapọ̀ mọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó ló kọ́ ọ ní ìkòkò o: ọ̀gá ni kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bó sì tilẹ̀ kọ́ kẹ̀kẹ́, fífi ọwọ́ mọ ọ́n ní yíyí i ká náà ló fi lókìkí. Mo ní náírà ogún kan nínú àpò owó mi. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo sì rí i níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Àìmọye irú owó yẹn ni mo ti fi ra gúgúrú.

Ìkòkò mi kò gbẹ títí mo fi padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Nílé ní Ìlọrin, ọyẹ́ lè gbẹ ìkòkò títí yóò fi sán. Létí òkun, ọ̀rinrin ni afẹ́fẹ́, bí a bá sì gbé amọ̀ tútù sínú iná, omi inú rẹ̀ yóò di oru, yóò sì fọ́ ọ yángá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún ń sun ún: lẹ́yìn àkọ́kọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú àti òkúta lílọ̀, èyí tí iná ìléru kejì, tó ń lé ní ìwọ̀n 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò yọ́ di dídán. Wọ́n ní àwọn yóò fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó dé. Mo fi hàn màmá mi lórí fóònù. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè iye tí mo san, mo purọ́. Wọ́n wá ní, “Ṣé ó ń mú omi tutù?” Àmù tiwa, iná igi àti koríko ní gbangba ni wọ́n fi ń sun ún, kì í le tó ti ìléru, nítorí náà ihò tíntìntín ṣẹ́ kù lára rẹ̀ tí omi ń gbà jáde díẹ̀díẹ̀, tí atẹ́gùn sì ń fà á gbẹ, ohun tó ń mú omi inú rẹ̀ tutù nìyẹn. Mo bu omi kún tèmi lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo jí kírun àsùbáà, mo bu díẹ̀ mu, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo òru. Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí màmá mi pé kò mú omi tutù. Wọ́n ní kí n máa kó ṣíbí sínú rẹ̀.