Àkàrà: ṣé ti ẹ̀wà ló kọ́kọ́ wà ni àbí ti búrẹ́dì?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Iléṣà ni mo wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Àkàrà tí gbogbo wa mọ̀ ni ti ẹ̀wà, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, wọ́n á wá pò ó dáadáa kó lè wú kí wọ́n tó dà á sínú epo gbígbóná, àbí ti Òṣú lójú ọ̀nà Ifẹ̀ yẹn tó gbẹ táútáú tó ń dún kàràkàrà lẹ́nu (ẹni tó bá ní tibòmíì dùn jù ú lọ, a ò ní jà o).

Àmọ́ ẹ ṣí Bíbélì, Jòhánù orí 6, iṣu àkàrà márùn-ún ni wọ́n pè é, búrẹ́dì sì ni wọ́n ń sọ. Kéèkì náà, àwọn kan ń pè é ní àkàrà òyìnbó. Ní Bahia ní Brazil, acarajé ni, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e débẹ̀, ẹ̀wà náà ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á là á kí wọ́n tó kó edé sí i. Ti Trinidad, accra, ìyẹ̀fun àti ẹja oníyọ̀ ni, kò sí ẹ̀wà níbẹ̀ rárá!

Ṣé gbogbo nǹkan tí wọ́n bá pò tí wọ́n dín tàbí yan ni àwọn baba wa ń pè ní àkàrà ni, àbí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló kàn yá a lò? "Jé" tó wà lẹ́yìn acarajé yẹn ńkọ́, ṣé ìpolówó àwọn ìyá alákàrà ni? Ẹ bá mi bi àwọn ìyá àgbà yín o, ẹ má lọ da Google kọ síbí.