Igbó àtayébáyé, igi ọmọ bíbí ilẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé àlàyé fún àwọn tó ń rìnrìn-àjò lọ sí Wales béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pe igbó tó ti wà tipẹ́tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, tí igi inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ilẹ̀ náà gan-an. Wọ́n dábàá "igbó ìbílẹ̀", èèyàn mẹ́ta sì ti fọwọ́ sí i. Èmi ò lè fọwọ́ sí i. Mo ti wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká fi etí Yorùbá gbọ́ ọ ná. Ẹ̀sìn ìbílẹ̀, oògùn ìbílẹ̀, aṣọ ìbílẹ̀: ọ̀rọ̀ náà ti bá àṣà lọ, ó ti fi ilẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá sọ fún ìyá mi ní Ìsẹ́yìn pé mo lọ rìn nínú "igbó ìbílẹ̀", wọ́n á kọ́kọ́ bi mí pé ta ló mú obìnrin dé ìgbàlẹ̀. "Igbó àbáláyé" tí àbúrò kan mú wá ń gba ọ̀nà kan náà lọ, torí a ti ń sọ ẹ̀sìn àbáláyé báyìí.

Igbó tí mo ń wí yìí, Coedydd Maentwrog ni, ní àfonífojì Ffestiniog ní àríwá Wales, láàárín ọgbà orílẹ̀-èdè Eryri. Oṣù karùn-ún ni mo débẹ̀. Igi óákù ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní derw lédè Wales, tí èso rẹ̀ dà bí ẹ̀kùrọ́ tó jókòó sínú ife kékeré. Wọn ò ga bí ìrókò. Ẹ̀ka wọn lọ́, ó wọ́, ohun tútù aláwọ̀ ewé tí í hù sára ògiri wa lásìkò òjò sì bò wọ́n láti ìdí dé òkè. Lórí ẹ̀ka kan tó nà sókè orí mi, ewé tó rí bí imọ̀ ọ̀pẹ kékeré tò lọ gbọọrọ, irú èyí tí í hù sára ọ̀pẹ nílé. Mo fi ọwọ́ tẹ òkúta kan tí ewé tútù yẹn bò, ọwọ́ mi rì dé ọrùn ọwọ́, omi tútù sì ṣàn wọ inú ẹ̀wù mi. Òjò ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń ka irú igbó yìí mọ́ igbó òjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ń mú níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún kọ "igbó ìdákẹ́jẹ́". Ẹ dákun, ẹni tó lẹ́nu ló ń dákẹ́jẹ́. Igbó máa ń pa rọ́rọ́ ni, tàbí kó pa lọ́lọ́. Nǹkan mìíràn sì wà níbẹ̀ tó yẹ kí atúmọ̀ èdè fọkàn sí. Nílé, bí igbó bá pa lọ́lọ́, ọdẹ á dúró, á tẹ́tí, torí ohun tó pa ìrẹ̀ àti ẹyẹ lẹ́nu mọ́ ò jìnnà. Ní Maentwrog, omi tó ń kán láti orí ewé nìkan ni mo ń gbọ́, àti fèrè ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba ibẹ̀ kọjá, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1836 láti máa kó òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo orí ilé láti Blaenau Ffestiniog lọ sí èbúté Porthmadog. Lẹ́yìn fèrè yẹn, ó tún pa rọ́rọ́. Ara tù mí. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ "igbó náà pa rọ́rọ́", ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sọ pé ọkàn balẹ̀ níbẹ̀, kí òǹkàwé Yorùbá má baà máa retí ẹbọra.

Àwọn kan ní ká lo "ẹgàn". Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹgàn ni ibi tí àáké ò tíì dé. Igbó Wales wọ̀nyí, àáké ti dé ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n sun èédú níbẹ̀, wọ́n bó èèpo óákù fún àwọn tó ń ṣe awọ, wọ́n bẹ́ igi, kùkùté sì tún yọ èéhù. Igi ń lọ, igi ń bọ̀, igbó ò kúrò lójú kan. Ohun tó yẹ ká fi ọ̀rọ̀ mú gan-an nìyí.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "igbó àtayébáyé". Ẹ tú u wò: láti ayé kan títí tó fi bá ayé mìíràn. Ní Wales àti ní England, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé igbó tó bá ti wà lórí ilẹ̀ kan láti ọdún 1600 láìdáwọ́ dúró ni wọ́n ń kà sí irú èyí, torí kí ọdún náà tó dé, àwọn èèyàn kì í sábà gbin igbó. Èyí tó bá ti wà nígbà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ló hù. Òdòdó pàápàá ń jẹ́rìí. Èyí tó tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ aró lábẹ́ igi lóṣù karùn-ún, tí wọ́n ń pè ní clychau'r gog, kì í yára tàn kálẹ̀, ibi tó bá sì ti pọ̀ bẹ́ẹ̀, igbó ti pẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ò lè ru ẹrù méjì. Pípẹ́ igbó lọ́tọ̀, orírun igi lọ́tọ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní tó jẹ igi run, ìjọba Britain dá àjọ tó ń bójú tó igbó sílẹ̀ lọ́dún 1919, ní ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n sì ti gé óákù tí wọ́n fi Sitka spruce láti Amẹ́ríkà rọ́pò rẹ̀. Ilẹ̀ igbó náà jẹ́ àtayébáyé síbẹ̀, igi orí rẹ̀ sì jẹ́ àlejò. A mọ irú rẹ̀: ẹ lọ wo gmelina tí wọ́n gbìn sí igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Fún igi, "ọmọ bíbí ilẹ̀" ni mo mú, bí a ti ń sọ ọmọ bíbí ìlú. Igi tó dé Britain fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí yìnyín ayé àtijọ́ yọ́, kí òkun tó gé ibẹ̀ kúrò lára Yúróòpù ní nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn, òun ni ọmọ bíbí. Ẹ má sọ ọ́ di "igi onílẹ̀" o. Ohun tí ojú wa ti rí lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ ní Èkó ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀: ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú kì í ṣe ọmọ bíbí Ẹ̀gbá. Igi tí wọ́n ń pè ní ffawydd (beech lédè Gẹ̀ẹ́sì) jẹ́ ọmọ bíbí ní gúúsù ìlà-oòrùn Wales, àlejò ni ní Eryri.

Èdè Wales fúnra rẹ̀ lè kọ́ wa. Coed ni igbó, coed náà ni àwọn igi. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ igi kan ṣoṣo ni wọ́n tó fi ìrù kún un: coeden. Derw, derwen. Àwa ń pa á lówe pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ó ti wà nínú gírámà tiwọn. Ẹ jẹ́ ká máa kọ "igbó óákù", ká má kọ "igbó igi óákù".

"Ìgbèríko" tí ẹ̀gbọ́n lò fún ilẹ̀ tó yí igbó ká dára, mi ò ní àtakò. Pápá àgùntàn ni, pẹ̀lú ògiri òkúta tí wọ́n tò láìpo amọ̀ sí i. Àgùntàn tó bá ráyè wọ igbó á jẹ èéhù óákù tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọgbà. Àmọ́ lórí òkè, ọ̀pọ̀ agbo ni kò sí lábẹ́ ọgbà kankan, wọn ò sì rìn kọjá àyè wọn, torí ọmọ ti kọ́ ọ lẹ́yìn ìyá. Cynefin ni wọ́n ń pe àyè yẹn. Mo dábàá "ilẹ̀ àmọ̀dunjú"; "ibùgbé" ò dé ibẹ̀.

Èyí tó kù, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Ẹyẹ kékeré kan, gwybedog brith, ń pamọ nínú ihò óákù Maentwrog. Akọ rẹ̀ dúdú lẹ́yìn, ó funfun láyà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀hún bá parí, ó ń fò wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, á wà lọ́dọ̀ wa títí di àsìkò ìrúwé tiwọn. Tó bá dé, dúdú yẹn ti di pupa rẹ́súrẹ́sú bí eruku ọyẹ́, funfun tó wà ní apá ṣì hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọdẹ nílé ní Ṣakí, ní Ìgbòho, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ẹ bá mi béèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é. Wales ló ti jáde nínú ẹyin, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lo oṣù tó pọ̀ jù lọ́dún, ó yẹ kó ti ní orúkọ lẹ́nu wa kí àwa tó máa dá ọ̀kan sílẹ̀ fún un.