Ìwé orin àti etí: ìrírí àwa tí a ń kọ orin ìbílẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Atẹ-dùùrù, Ìbarà:

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi lé dùùrù, láti ọjọ́ náà títí mo fi pé ogójì ọdún, n kò tẹ orin kan rí láìjẹ́ pé ìwé rẹ̀ wà níwájú mi. Bí ẹ bá gbé àmì orin orí ìlà márùn-ún fún mi, orin tí n kò gbọ́ rí, n ó tẹ̀ ẹ́ fún yín kí ẹ tó mu omi tán. Mo máa ń fi èyí yangàn, n kò ní purọ́.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn àna mi ń ṣe òkú ìyá wọn ní Láfẹ́ńwá. Wọ́n pe ẹgbẹ́ onísákárà kan, àwọn àgbàlagbà márùn-ún tí wọ́n ṣì ń ta gòjé, wọ́n sì ní kí n gbé kíbọ́ọ̀dù mi wá kí n máa gbè wọ́n. Mo lọ bá àwọn bàbá náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo kí wọn, mo sì béèrè ìwé orin. Bàbá onígòjé wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwé ìnáwó ni àbí ìwé kí ni?" Kò sí ìwé kankan. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, mo sì fi alẹ́ mẹ́ta kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìlà: ohùn gòjé lókè, ohùn sákárà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń lu sákárà yìí máa ń fi ìka ọwọ́ òsì tẹ awọ láti ẹ̀yìn kí ohùn lè gòkè, mo sì rò pé mo ti mú gbogbo ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ náà láìku ẹyọ kan.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ tí mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn, wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin, lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá onísákárà ní, "Kí lo ń sọ?" Èmi kò mọ̀ pé mo ń sọ nǹkan kan, orin ni mo rò pé mò ń tẹ̀.

Ohun tí sákárà ń sọ ni pé, "Ọmọ olówó kì í jìyà." Ohùn mẹ́sàn-án ni, èmi náà sì kọ mẹ́sàn-án, re re re mí mí dò mí dò dò, kò sí èyí tó ṣì níbẹ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo ń ka orin náà ní mẹ́rin-mẹ́rin bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì fa ìlà ìdábùú, ìlà òòró tó ń pín orin sí ìdá-ìdá, lẹ́yìn ohùn kẹrin. Ibi tí ìlà náà bọ́ sí ni àárín "olówó": "ọmọ oló" wà ní ìhín, "wó kì í jì" wà ní ọ̀hún, "yà" ìkẹyìn sì dá dúró bí ọmọ òrukàn. Nítorí pé ohùn tó bá tẹ̀lé ìlà ni a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní agbára, "wó" ni mò ń kígbe mọ́ wọn létí. Bàbá ní mo ti la olówó sí méjì kí wọ́n tó ná owó rẹ̀. Ti "kì í" tún burú jù, nítorí wọn kì í lù ú ní ẹ̀ẹ̀méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n ń lù, tí ìka á sì fa ohùn náà gòkè, irú ìyọ́gòkè tí kò sí bọ́tìnì tó lè ṣe é lórí dùùrù mi.

Wọ́n ní kí n pa kíbọ́ọ̀dù. Odindi ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi ń fi ẹnu wí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé wọn bí ọmọ ilé-kéú, kí n tó fi ìka kan ohunkóhun. Nílé, mo ń gbọ́ àwo Yusuf Ọlátúnjí, olórin sákárà tí wọ́n ń pè ní Bàbá L'Ẹ́gbàá, tó kú ní ọdún 1978, mo sì ṣàkíyèsí fún ìgbà àkọ́kọ́ pé gòjé ń dákẹ́ níbi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò ti mí. Lọ́jọ́ òde gan-an, àlejò kan wọlé, akọrin yí orin padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki onítọ̀hún, gbogbo ẹgbẹ́ sì bá a yí. Èmi pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo débẹ̀.

Akọrin obìnrin, Aké:

Ẹ kú ìrírí o, ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbarà. Mo gbà pẹ̀lú yín, síbẹ̀ n kò ní jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ ìwé bí ẹrù lásán. Ohùn alto, ohùn ìsàlẹ̀ ti àwa obìnrin, ni mò ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí kò bá sí tonic sol-fa, ìyẹn dò-re-mí tí a fi lẹ́tà kọ, lára pátákó, ohùn soprano tó wà lókè á gbé mi lọ bí odò ṣe ń gbé ewé. Ohùn mẹ́rin kò ṣeé fi etí nìkan dì mú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Nínú orin kan tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn náà wálẹ̀ gan-an níbi tí "ọ̀run" wà. Dò, re ni ọ̀run. Re, dò ni ọrùn. Ìyá mi, tí kò mọ̀wé, béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìsìn pé ọrùn ta ni gbogbo wa ń gbàdúrà láti wọ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tó gba orin sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, ti mú ohùn orin Ẹ̀gbá wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ayé àtijọ́. Ẹkúndayọ̀ Phillips, atẹ-dùùrù Kàtídírà Marina ní Èkó, sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá ṣe so pọ̀. Síbẹ̀ a ṣì ń wọ ọrùn.

Mo sọ fún olùdarí wa. Ó dojú kọ pátákó, ó pa "r, d" rẹ́, ó kọ "d, r". Ohùn tenor wá ń bá wa jà, ó sì tún ìyẹn náà kọ. Bí kì í bá ṣe pé ó wà lákọsílẹ̀, níbo ni yóò ti rí ibi tí yóò pa rẹ́?

Ọmọ Àyàn, Ìtòkú:

Mo kí gbogbo ilé. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí mi létí, tí ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, wọ́n sì ní kí n lu kóńkóló, ìlù tí àwọn ìlù yòókù ń tẹ̀lé, lé e. Kóń-kóń-kóló, kóń-kóló: lílù méje nínú ìdá méjìlá tó dọ́gba, bí bàbá mi ṣe fi sí mi lẹ́nu kí ó tó fún mi ní ọ̀pá. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ní mo ń pẹ́. Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ni kò mọ ijó jó. Wọn kò pè mí mọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni ti bàbá mi. Oríkì tó mọ̀ lórí ìyáàlù pọ̀ ju èyí tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, mo rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbarà bá ráyè ní Sátidé, kí wọ́n gbé ìlà márùn-ún wọn wá sí Ìtòkú. Èmi á lù ú, wọn á kọ èyí tó kù. Kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ fi ẹnu wí i fún mi kí wọ́n tó fa ìlà ìdábùú kankan.

Atẹ-dùùrù, Ìbarà:

Mò ń bọ̀, Ọmọ Àyàn. Pẹ́ńsù ni n ó mú wá, kì í ṣe báírò.