Ọkọ̀ ojú omi àlòkù tí kò ní ìwé: ṣé kí n rà á?

Ọmọ Ìpakodò

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò fẹ́ dá rò.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi bá ọ̀gá mi wa ọkọ̀ èrò láti Ìpakodò ní Ìkòròdú lọ sí CMS. Èmi àti ìyàwó mi ti wá tu owó jọ, a fẹ́ ra tiwa. Mo rí ọkọ̀ fáíbà kan ní Ẹ̀pẹ́, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 23, ẹ́ńjìnnì Yamaha 75 ló wà nídìí rẹ̀. Mo wà á lójú ọ̀sà, ó sáré dáadáa, kò sì gba omi. ₦2,800,000 lẹni tó ń tà á pè é. Irú rẹ̀ tí mo rí níbòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye yẹn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé kò sí ìwé kankan. Ó ní bàbá òun ló ni ín, pé bàbá kú lọ́dún tó kọjá, òjò sì wọ yàrá, ó ba gbogbo ìwé jẹ́. Kò sí rìsíìtì ẹ́ńjìnnì, kò sí ìwé LASWA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ ojú omi ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ní òun á bá mi lọ búra ní kóòtù, pé ìyẹn ti tó. Mo ti fún un ní ₦100,000 kó má baà tà á fẹ́lòmíràn. Ṣé ìwé ìbúra yẹn tó lóòótọ́? Kí ni kí n béèrè kí n tó san ìyókù?

Awakọ̀ Badagry

Àbúrò, ẹ́ńjìnnì ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ṣòro kí èèyàn jí odindi ọkọ̀ tí gbogbo ará èbúté mọ ọ̀dà rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lolè ń tú lóru, torí tó bá ti so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ mìíràn, ta ló máa mọ̀? Kọjú síwájú ọkọ̀, kó o wo apá òsì irin tí wọ́n fi de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni Yamaha ń lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ti ṣí i kúrò, tàbí tí wọ́n fi fáìlì ha á, máa bá tìẹ lọ. Ó lè sọ pé iyọ̀ ló jẹ ẹ́. Iyọ̀ kì í jẹ ojú nọ́ńbà nìkan kó wá fi irin tó yí i ká sílẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ra Yamaha 40 kan lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ń kó lọ sí ìlú òun. Lóṣù kejì, apẹja kan dá a mọ̀ ní èbúté, torí ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin ìdè rẹ̀ pọ̀. Ó kó rìsíìtì jáde, nọ́ńbà bá ara wọn mu. Èmi ò ní ju ẹnu lásán lọ. Mo sun àgọ́ ọlọ́pàá lóru ọjọ́ méjì, ẹ́ńjìnnì lọ, owó lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkùnrin yẹn ò rí ọkọ̀ gbé sómi ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹun. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni òwe náà yé mi.

Baba Àwọ̀n

Ẹ má dẹ́rù bà á jù. Ta ló ń rí ìwé lọ́dọ̀ àwa apẹja? Méjì ni mo ti rà láìsí ìwé, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè. Tọ́kọ̀ bá dáa, kó rà á.

Lọ́yà Abẹ́òkúta

Baba, ọkọ̀ èrò ló fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe ọkọ̀ àwọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kó èrò, wọ́n á sì bi í pé ta ló ni ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ọ̀rọ̀ ẹni tó búra nìkan ló wà nínú ìwé ìbúra. Kóòtù kì í lọ wádìí bóyá òótọ́ ni. Òfin ọjà títà ti 1893 tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tí kì í ṣe olóhun kò lè tà á kó di ti ẹni tó rà á, àfi tí olóhun bá fún un láṣẹ. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ rà á tọkàntọkàn, olóhun lè gbà á lọ́wọ́ yín.

Ká wá ní bàbá rẹ̀ ló ni ín lóòótọ́. Ìyàwó mélòó ni bàbá fẹ́? Ọmọ mélòó ló bí? Yálà ìdí-igi ni wọ́n fi pín ogún (ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan) tàbí orí-òjorí (ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan), ọmọ kan ò lè dá a tà. Ẹ béèrè ìwé alábòójútó ogún láti ẹ̀ka probate, tó ń rí sí ogún, ní kóòtù gíga. Tí wọn ò bá tíì gbà á, ẹ má sanwó kankan mọ́ títí wọ́n á fi gbà á. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa rà á, kí olórí ẹbí àti ọmọ kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan buwọ́ lu àdéhùn tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Ẹ gba báńkì sanwó.

Ẹ dé ọ́fíìsì NIWA náà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀nà ojú omi, kì í ṣe LASWA nìkan. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí àwọn odò àti ọ̀sà tí ọkọ̀ ń gbà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ọmọ mi, wá ẹni tó ṣe ọkọ̀ yẹn. Kálukú àwọn oníṣẹ́ fáíbà ló ní mọ́ọ̀dù tirẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí imú ọkọ̀, wọ́n á sọ ẹni tó ṣe é fún ẹ, onítọ̀hún á sì rántí ẹni tó sanwó. Tó o bá kúrò níbẹ̀, yà sí ọjà Olúwo, kó o béèrè lọ́wọ́ àwa tá a ń ta ẹja. Bàbá tó ní ọkọ̀ tó tóbi tó yẹn kò lè kú ká má gbọ́.

Ọmọ Èkó ní Houston

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo apá ọ̀tún ẹ̀yìn ọkọ̀, lókè. Láti 1972 ni wọ́n ti ń tẹ àmì méjìlá síbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Níhìn-ín ní Texas, ìwé ọkọ̀ ọ̀tọ̀, ìwé ẹ́ńjìnnì ọ̀tọ̀. Ẹ fi àmì náà ránṣẹ́ kí n bá yín béèrè.

Ọmọ Ìpakodò

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, kò sí ìhá kankan lára rẹ̀. Kì í ṣe tòkunbọ̀, ẹ̀gbọ́n Houston, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Oníṣẹ́ fáíbà kejì tí mo bá ló dá a mọ̀, ó ní bàbá kan lòun ṣe é fún, bàbá náà sì ti kú lóòótọ́. Òun ló júwe ọmọ bàbá náà obìnrin fún mi, ọmọ ìyálé, ní ọjà Olúwo.

Ìyá, obìnrin yẹn ò mọ̀ pé wọ́n ń ta ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní ọkọ̀ yẹn ni bàbá àwọn fi rán àwọn níwèé. Ẹbí fẹ́ jókòó lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní kí n wá. Ẹni tó ń tà á ti ń bínú, kò gbé fóònù mi mọ́. ₦100,000 mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́yà, ṣé kí n béèrè rẹ̀ báyìí, àbí kí n dúró?

Lọ́yà Abẹ́òkúta

Ẹ dúró di ọjọ́ Àìkú, kẹ́ ẹ béèrè níwájú gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lónìí, ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fún un síbẹ̀. Tó bá fèsì, ẹ má pa á rẹ́.